Ta Ló Wẹ Ìyá Aláwàdà?

Kò sí búrẹ́dì ládùúgbò láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé Oníbúrẹ́dì fẹ́ sin ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ìrẹsì àná sínú ike lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń já búrẹ́dì gbígbóná jẹ lójú ọ̀nà sì kọjá lọ́wọ́ òfìfo, kò sẹ́ni tó ráhùn. Ìyá Aláwàdà ni gbogbo ìlú ń pe olóògbé. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tó bá a pàdé lójú pópó tí kò rẹ́rìn-ín kó tó kúrò níbẹ̀, títí kan àwọn tó wá bínú sí i.

Ilé ìsìnkú wà ní ìgun òpópónà náà, ó jìnnà díẹ̀ sí ilé búrẹ́dì. Ilé alájà kan ni. Ẹbí ń gbé òkè. Nísàlẹ̀, yàrá iwájú wà fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, yàrá ẹ̀yìn wà fún wíwẹ òkú, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sì wà ní àgbàlá. Bàbá ọkọ Màmá, obìnrin tó jẹ́ àgbà ilé náà báyìí, ló kọ́ ọ. Tábìlì àti àga ló ń kàn tẹ́lẹ̀, kí àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn kan pósí, kí ìyàwó rẹ̀ náà tó máa bá wọn wẹ òkú tí wọn ò lè fọwọ́ kàn fúnra wọn. Bó ṣe di iṣẹ́ ìdílé nìyẹn. Ọkùnrin ilé ń kan pósí, ìyàwó ilé ń wẹ òkú. Màmá ti ń wẹ̀ wọ́n láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Àmọ́ ó ti di oṣù mẹ́ta tí ilé náà kì í ṣe tiwọn mọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan láti ìlú ńlá ló rà á, wọ́n sì ra orúkọ mọ́ ọn. Pátákó bàbá ṣì wà lókè ilẹ̀kùn. Wọ́n tún wá lẹ bébà dídán kan mọ́ gíláàsì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ọwọ́ Kan Náà, Láti Ìran Mẹ́ta. Irọ́ gbuu ni. Àwọn òkú ò gba ọwọ́ ilé náà kọjá mọ́. Láti ọsibítù, ọkọ̀ á gbé wọn lọ sí ilé ràgàjì kan létí ọ̀nà márosẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ní àwọn obìnrin tó kọ́ṣẹ́ dáadáa ti ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì gbé wọn padà nínú pósí tí wọ́n ti dè, tí wọ́n lẹ bébà funfun mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ ẹbí kò ju kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kí èèyàn, kí ojú tí ìlú mọ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n lè máa rò pé Màmá ló ń lọ wẹ òkú wọn ní ọsibítù. Ẹni tó bá ya bébà funfun yẹn, tó ṣí pósí, ti ba àdéhùn jẹ́, gbogbo wọn á sì kó jáde nílé kí oṣù tó parí.

Màmá ń nu gíláàsì ẹnu ọ̀nà nígbà tí Onílẹ́tà sọdá wá bá a láti òdìkejì títì. Ọkùnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbọ́, gbogbo àárọ̀ ló máa ń jáde bí ẹni tó ń pín nǹkan.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé o. Ṣé ẹ ti fẹnu kan nǹkan?"

"Láìsí búrẹ́dì? Mo mu tíì, tíì náà sì mọ̀ pé inú ń bí mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, mi ò ní yéé dúpẹ́. Bí ilé bá dá, tí mo bá ń ro ìyàwó mi tí a sin lóṣù tó kọjá, ohun kan ṣoṣo tó máa ń jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àjèjì."

"A ti ṣe é," ni Màmá wí, ó sì yí ojú sí gíláàsì.

Gbólóhùn tó ti ń lò láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Bí ọmọ olókùú bá bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ti wẹ̀ wọ́n?" á ní, "A ti ṣe é." Kò sọ pé òun ni. Bí wọ́n bá bi í léèrè pé àwọn wo ni "a" yẹn, kò mọ ohun tí ì bá fi dáhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í. Ìdí tí gbólóhùn náà fi rọrùn fún un nìyẹn.

Lókè, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí tíì. Káfíńtà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kan ìṣó kan mọ́ igi láti ìgbà tí wọ́n ti ta ilé.

"Ẹ de bọ́tìnì ọrùn yín," ni ìyàwó wí. "Onítáì ń bọ̀ ní aago kan, ẹ sì mọ̀ pé ọrùn èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó kí i." Onítáì ni aṣojú ilé iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó tíì rí i láìsí táì lọ́rùn.

"Kó máa wò ó."

"Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí ìwé o."

Káfíńtà gbé ife kalẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ọwọ́ wọn ni mọ́ṣúárì ọsibítù wà. Òkú wo ló fẹ́ jáde níbẹ̀ tí kò ní í gba ọwọ́ wọn? Àbí kí n máa yí ìlú ká, kí n máa bẹ àwọn aláìsàn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ilé ni kí ẹ kú sí?"

"Mi ò ní kí ẹ bẹ ẹnikẹ́ni."

"Ìlú mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà yìí. Ilé ìsìnkú mẹ́rin, orúkọ bàbá mẹ́rin lára pátákó, ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo ẹ̀. Àwa la tà kẹ́yìn. Àwọn tó kọ́kọ́ tà gan-an jèrè jù wá lọ."

Màmá ti wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó ti gbọ́. Ó wọlé, ó jókòó, ó bó ẹyin kan, ó fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ń wò ó. Ó jẹ ẹyin náà tán, ó kó èèpo rẹ̀ jọ sí etí abọ́, ó dìde. Káfíńtà tún bọ́tìnì rẹ̀ dè.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbé Ìyá Aláwàdà dé. Awakọ̀ ò ṣí fìlà. Ó ní kí Káfíńtà fọwọ́ sí bébà, ó sì lọ. Wọ́n ti pósí náà sí yàrá iwájú lórí tábìlì onítáyà. Láyé ìyá ọkọ Màmá, àgbà ilé ló máa ń ṣí ìdérí, tó máa ń wo ojú òkú, tó máa ń sọ fún un pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa." Ní báyìí tí kò sí àyè à ń ṣí, Màmá máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ni, á sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ló wí. "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa."

Kò tíì mú ọwọ́ kúrò nígbà tí Oníbúrẹ́dì wọlé. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, apá rẹ̀ le nítorí ìyẹ̀fun tó ń pò. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jẹ ní gìgísẹ̀, wọ́n sì ti fi òwú aláwọ̀ ewé dí i.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe tán. Abẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ ni mo ti wá rí i láàárọ̀ yìí. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe máa ń tutù."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ fún un. Ṣebí ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́, kò lè ṣòro fún yín." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó ní ẹ ti ṣèlérí omi gbígbóná fún òun."

Òótọ́ ni. Níwájú ilé búrẹ́dì ni, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyá Aláwàdà di Màmá lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ọjọ́ tí o bá fẹ́ wẹ̀ mí, kọ́kọ́ ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi náà o. Tó bá tutù, màá jí." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rín in, ó ní, "Màá gbé e kaná fún yín, Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

"A ti..." ni Màmá bẹ̀rẹ̀. Ó dánu dúró. Ó gba ìbọ̀sẹ̀ náà. "Jókòó síbí. Màá wọ̀ ọ́ fún un."

Ó ti tábìlì náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, Káfíńtà sì sáré tẹ̀ lé e, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún òkú."

"Ẹ ò lè ṣí i. Ẹ rí bébà yẹn."

"Mo rí i."

"Ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ náà fún mi. Màá fi pamọ́ sí abẹ́ òdòdó tó wà lórí pósí, á bá a wọlẹ̀. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ ti wọ̀ ọ́ fún un."

Màmá wò ó títí ojú fi tì í. "Ṣé bí bàbá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Ilé ni mò ń rò, Màmá. Ibo la fẹ́ kó lọ? Ẹ̀yin gan-an, ní ọjọ́ orí yín, yàrá ta lẹ fẹ́ lọ háyà?"

"Mú súkúdiráfà wá."

Kò lọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló jáde sí ṣọ́ọ̀bù ní àgbàlá. Eruku ti bo ayùn, ó ti bo òòlù, ó sì pẹ́ kó tó rí ohun tó ń wá. Nígbà tó padà dé, kò rí ojú súkúrù dáadáa, irin náà sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà ti wọlé látẹ̀yìn. Ó gba súkúdiráfà náà, ó tú súkúrù ọ̀tún, ó tú tòsì, bébà funfun sì ya.

Wọ́n gbé ìdérí kúrò. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo bù ú sí i. Aṣọ funfun tó dára gan-an ni wọ́n fi bò ó dé ọrùn. Wọ́n ti pa ojú rẹ̀ ní pọ́dà. Ojú nìkan. Nígbà tí Màmá ká aṣọ náà sókè láti apá ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì dúdú, eruku ilẹ̀ ọsibítù tí arúgbó náà fi ẹsẹ̀ lásán rìn ló ṣì wà lára wọn. Bébà nọ́ńbà ọsibítù wà lọ́rùn ẹsẹ̀. Bándéèjì wà lẹ́yìn ọwọ́ níbi tí wọ́n ti fa omi sí i lára, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Aṣọ alẹ́ tó fi kú ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun náà, ó sì ti tutù kó tó gbẹ. Omi ò kan obìnrin yìí láti ọjọ́ tó kú. Àwọn kan sì gbowó pé àwọn wẹ̀ ẹ́.

Màmá jókòó sórí àpótí. Ìyàwó Káfíńtà bo ẹnu.

"Mi ò mọ̀," ni Káfíńtà wí. "Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò béèrè," ni Màmá wí.

Wọ́n ń gbọ́ bí Oníbúrẹ́dì ṣe ń kọ́ níyàrá iwájú, ikọ́ ẹni tó ti sunkún tẹ́lẹ̀. Káfíńtà wá sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yára wẹ̀ ẹ́," ló rọra wí. "Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ká dè é padà. Mo lè lẹ bébà yẹn kó má hàn. Á ti mọ́, á ti wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ló kù? Oníbúrẹ́dì ò ní mọ̀, Onítáì ò ní mọ̀. Ilé á sì wà nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá létí, kí n má purọ́. Ó wo yàrá náà, ó wo páìpù tí ọkọ rẹ̀ fà wọlé, ó wo ògiri tí òun fúnra rẹ̀ kùn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Kò sùn sí ilé mìíràn rí láti ọjọ́ tó ti ṣègbéyàwó. Ó wà níbẹ̀ pẹ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀ pupa náà, ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé dí.

"Gbé omi kaná," ló sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ bá Oníbúrẹ́dì.

"Ọmọ mi, ìyá rẹ wà níbẹ̀ yẹn. Mi ò wẹ̀ ẹ́."

Oníbúrẹ́dì ò tíì gbọ́ ọ yé. "Ẹ̀yin kọ́? Ta wá ni?"

"Kò sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe kú ló ṣe wà."

"Màmá, lánàá mo bi yín. Ẹnu ọ̀nà yìí ni mo dúró sí. Ẹ ní ẹ ti ṣe é."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wò mí lójú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀!"

"Mi ò wò ọ́ lójú," ni Màmá wí. "Gíláàsì ni mò ń nù."

Oníbúrẹ́dì gbé ọwọ́ sókè, Káfíńtà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn sì rò pé ó fẹ́ gbá ìyá òun létí. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, apá aṣọ ara rẹ̀ ló fi ká, ó ká a dé ìgbọ̀nwọ́ bó ṣe máa ń ṣe kó tó po ìyẹ̀fun.

"Níbo ni omi wà?"

Àwọn méjèèjì ló wẹ̀ ẹ́. Oníbúrẹ́dì ki ìgbọ̀nwọ́ bọ inú bẹ́sìn kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e sún mọ́ ọn, ó ní ó gbóná jù, wọ́n bu tútù sí i. Ó tún ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́. "Ó ti tó," ló wí, "kò ní í jí," ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá tú bándéèjì díẹ̀díẹ̀ kó má bàa fa awọ ya. Ó ń kọ́ ọ bó ṣe lè gbé orí òkú, ibi tó lè fi apá tì, ó sì ń bá òkú náà sọ̀rọ̀ bí àṣà rẹ̀: ẹ jẹ́ ká yí yín sí ẹ̀gbẹ́ o, Ìyá, ọmọ yín ló di yín mú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló gbà wọ́n lákòókò jù.

Aago kan lù. Onítáì dé gẹ́lẹ́, pẹ̀lú báàgì lábíyá. Káfíńtà ló bá pàdé níwájú ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣí gbayawu.

"Pósí dà?" ni Onítáì bi í.

"Ó wà nínú ilé. Wọ́n ń wẹ òkú lọ́wọ́."

"Wọ́n ń kí ni?" Ó gbọ́ omi tó ń dà sínú bẹ́sìn, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ kúrò lọ́nà."

"Ọ̀gá, bí wọ́n bá ń wẹ òkú lọ́wọ́ nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kì í wọlé. Àga wà níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ sí i." Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, kò sì kúrò. "Ẹ tún lè bá mi wo ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀ yẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́. Màá ṣí i fún yín nígbà tí wọ́n bá parí."

Onítáì ò fẹ́ wo ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó kọ nǹkan sórí bébà kan, ó fi í sórí tábìlì, ó jáde. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde, ló wà níbẹ̀, ó ti fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó gbé Ìyá Aláwàdà lọ sí ibojì, dípò aago méjì, àwọn èèyàn sì ti ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Oníbúrẹ́dì gba àárín wọn kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ. Ìbọ̀sẹ̀ pupa bá ìyá rẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé, tí oòrùn ti ń rọ̀, Màmá ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá wá. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Gbogbo òkú tó gba ilé yẹn kọjá ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kú, bí wọ́n ṣe gùn tó, aṣọ tí wọ́n wọ̀, àti àmì ẹni tó wẹ̀ wọ́n níparí ìlà. Àmì ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ́ ìlà méjì. Tirẹ̀ jẹ́ òbírí róbótó kékeré kan. Láti ìgbà tí ojú ti ń dùn ún, Káfíńtà ló ń bá a kọ ìwé náà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́," ni Káfíńtà wí kíá.

"Gbé e wá."

Ó gbé e wá. Màmá tẹrí mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ìwé. Wọ́n ti kọ Ìyá Aláwàdà sílẹ̀ láti àná. Níparí ìlà náà, òbírí kékeré kan ti wà níbẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé tó ṣáájú. Òbírí. Ó tún ṣí èyí tó ṣáájú ìyẹn. Òbírí, òbírí, òbírí, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta náà, wọ́n sì ṣe é dáadáa, ọwọ́ káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ni.

"Àyè yẹn ò lè ṣófo, Màmá," ni Káfíńtà wí. "Látayé bàbá, kò ṣófo rí. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi síbẹ̀."

Màmá ò bá a wí. Ó fa ìlà gba àárín òbírí Ìyá Aláwàdà, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ọmọ rẹ̀ ni." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí àwọn tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ wọn jáde bó ṣe ń fà á. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Kò sí ọ̀kan tí kò mọ ilé rẹ̀ nínú wọn.

Ó pa ìwé náà dé. Ó wọ bàtà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bi í bóyá kí òun bá a lọ, ó ní rárá. Ó sọdá títì lọ sí òdìkejì, ó kan ilẹ̀kùn Onílẹ́tà.

Onílẹ́tà ṣí i, inú rẹ̀ dùn láti rí i. Àwòrán ìyàwó rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ife tíì kan sì wà níwájú rẹ̀.

"Háà, Màmá! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ jókòó, kí n bu tíì fún yín."

"Ẹ má bù ú," ni Màmá wí. Ó wò ó lójú. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo wá sọ."